“INÚ Ń RUN MÍ”: KÍ NI ARA ỌMỌ WA Ń SỌ FÚN WA?

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, ǹjẹ́ ó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé yín rí pé ọmọ tí ó jẹun yó ní alẹ́, tí ó sì sùn fọnfọn, yóò jí ní òwúrọ̀, yóò di ikùn mú, yóò sì máa sunkún pé inú ń run òun? Ẹ fún un ní oògùn aràn, kò dá a dúró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí ibà. Ọjọ́ méjì kọjá, ara rẹ̀ le. Ní ọjọ́ kẹta, inú tún bẹ̀rẹ̀ sí run ún. Kí ni a ó pe irú àìsàn bẹ́ẹ̀?

Ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa ní ọdún 2016. Ní ọdún náà, ibi iṣẹ́ ọ̀kan nínú àwa tọkọtaya jẹ gbèsè owó oṣù márùn-ún. Owó ilé ti tó san, owó iléèwé sì ń bọ̀ lẹ́yìn. A pinnu pé àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́. Nítorí náà, ìgbà tí wọ́n bá ti sùn ni a máa ń jókòó ní pálọ̀ láti ṣírò owó, ibi ìṣirò náà sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìjà náà kò ní ariwo. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni a fi ń jà á. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, a ó fi ẹ̀rín bo ojú, a ó sì mú àwọn ọmọ lọ sí iléèwé. A rò pé àṣírí ti bò.

Ajá kan wà nínú ilé wa nígbà náà tí à ń pè ní Bingo. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa lẹ́nu géètì, yóò sáré wá, yóò sì máa ju ìrù. Ní àkókò yìí, bí ó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kan náà, abẹ́ bẹ́ńṣì ni ó ń sá sí. Kò jẹun dáadáa mọ́. A bi ara wa léèrè pé: “Kí ló ń ṣe ajá yìí ná?” Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ sí sọ ní òròòwúrọ̀ pé inú ń run òun. Èsì wo ni a fún un? “Ọ̀lẹ ni. Kò kàn fẹ́ lọ sí iléèwé ni.” Ẹ wo ohun tí a ṣe: a ṣàánú ajá, a bá ọmọ wí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tẹ ikùn rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ni ó wò wá lójú, tí ó ní: “Ẹ̀yin òbí yìí, ẹ má bínú o. Ṣé kò sí nǹkan nílé?” Kí a tó dáhùn, ọmọ náà ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ: “Dádì àti Mọ́mì ò bá ara wọn rẹ́rìn-ín mọ́.” Ojú tì wá. A ní: “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?” Ó ní: “Bingo náà mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni ó mú kí a bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà, kí a sì máa ka ohun tí àwọn olùwádìí ti rí nípa àwọn ọmọdé. Ohun tí a kọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

INÚ ARA NI ỌMỌDÉ TI Ń GBỌ́ Ọ̀RỌ̀

Bí a bá wo èdè Yorùbá wa dáadáa, a ó rí i pé àwọn baba wa mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yìí. Inú ni ó ń dùn, inú ni ó ń bí wa, inú kan náà ni ó sì ń bàjẹ́. Àyà ni ó ń já nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Orí ni ó ń wú bí a bá rí ohun tí ó bani lẹ́rù. Gbogbo ohun tí ọkàn bá ń rò, ara ni a fi ń sọ ọ́.

Àgbàlagbà mọ ìyàtọ̀ láàrin inú tí ó bàjẹ́ àti inú tí ń runni. Ọmọ ọdún márùn-ún kò tíì mọ̀ ọ́n. Ibì kan náà ni méjèèjì ti ń dùn ún. Bí ó bá sọ pé “inú ń run mí,” ó lè jẹ́ pé ohun tí ó ń sọ fún wa ni pé, “Ẹ̀rù ń bà mí nínú ilé yìí.” Kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò fi sọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pè é ní irọ́. Bí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí gbogbo ara. Ohun kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní adirẹ́nálìn a tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà a bẹ̀rẹ̀ sí lù kì-kì-kì, mímí a yára, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó wà ní ikùn a sì gba ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ, kí ènìyàn lè sá tàbí kí ó jà. Iṣẹ́ tí ikùn ń ṣe lórí oúnjẹ a dàrú. Iṣan tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ láàrin ọpọlọ àti ìfun sì wà lára gbogbo wa. Nítorí náà, ìrora tòótọ́ ni ìrora ọmọ náà. Bí kò tilẹ̀ sí aràn níbẹ̀, ikùn ń dùn ún.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ TI RÍ

Ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí ọmọ sáyé. Ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí láti Kánádà àti Ṣáínà gba ohùn àwọn aboyún tí oṣù wọn ti pé sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ inú wọn gbọ́ ọ. Nígbà tí ó jẹ́ ohùn ìyá rẹ̀, ọkàn ọmọ inú bẹ̀rẹ̀ sí lù kíákíá sí i. Nígbà tí ó jẹ́ ohùn obìnrin mìíràn, lílù ọkàn náà dẹ̀. Àwa tí a mọ ìtàn Èlísábẹ́tì àti Màríà kò ní ṣe háà jù, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ nínú ìjọ pé ọmọ tí kò tíì rí ayé lè yọ̀.

Bí wọ́n bá wá bí i ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró ní yàrá àwọn ọmọ ọwọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ̀ pé bí ọ̀kan bá bú sẹ́kún, kò ní pẹ́ tí gbogbo wọn yóò fi gbè é. Ní ọdún 1982, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí àwọn ọmọ tuntun tí ara wọn balẹ̀ gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun mìíràn, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹkún tiwọn fúnra wọn, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sunkún. Nígbà tí ó jẹ́ ẹkún ọmọ ìnàkí, wọn kò kà á sí. Kì í ṣe ariwo lásán ni ó ń pa wọ́n lẹ́kún. Ẹkún ẹlẹgbẹ́ wọn ni.

Ọ̀mọ̀wé Edward Tronick ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí kan láàrin ọdún 1970 sí 1979 tí ó ti di gbajúmọ̀. Ìyá kan ń bá ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ṣeré. Lójijì, ó dá ojú rẹ̀ dúró, kò rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ọmọ náà. Kò nà án, kò sì bá a wí. Síbẹ̀, ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí i, kò gbà. Ó nawọ́ sí i, ó ké sí i, kò gbà. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà yí ojú kúrò, ara rẹ̀ rọ̀ jọwọ, ó sì bú sẹ́kún. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Mélòó nínú wa ni ó ti gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ kọ́ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí pé a ń bá ẹnì kejì wa bínú?

Ní ọdún 1985, àwọn olùwádìí kan gbé gíláàsì tí ó nípọn lé orí ibi tí ó dà bí ọ̀gbun, wọ́n sì gbé ọmọ ọdún kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìyá rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí ọmọ dé ibi tí ilẹ̀ ti jìn, ojú ìyá rẹ̀ ni ó wò. Nínú àwọn ọmọ 19 tí ìyá wọn rẹ́rìn-ín sí, 14 rá kọjá. Nínú àwọn ọmọ 17 tí ìyá wọn fi ojú ẹ̀rù hàn, kò sí ẹyọ kan tí ó kọjá. Láti ojú wa ni ọmọ ti ń mọ̀ bóyá ayé ṣeé rìn.

Ẹ jẹ́ kí a tún mú méjì sí i, nítorí àwọn méjì yìí ni ó gún wa lọ́kàn jù. Ní ọdún 2014, ní San Francisco, wọ́n mú ìyá 69 pẹ̀lú ọmọ wọn tí ó wà láàrin oṣù 12 sí 14. Wọ́n gbé ọmọ sọ́tọ̀, wọ́n sì ní kí ìyá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àlejò. Fún àwọn ìyá kan, àwọn àlejò náà ń fajú ro, wọ́n ń mi orí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ọmọ pa dà fún ìyá. Ọmọ kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí lù bí ti ìyá rẹ̀, ó sì ń sá fún àwọn àlejò. Ìyá kò sọ nǹkan kan fún un. Ara ni ó sọ fún ara.

Ìkejì ni ti àwọn olùwádìí Yunifásítì Oregon ní ọdún 2013. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ àwọn ọmọ tí ó wà láàrin oṣù 6 sí 12 nígbà tí wọ́n ń sùn. Bí wọ́n ti gbọ́ ohùn ìbínú lójú oorun, ọpọlọ wọn jẹ́ ẹ. Àwọn tí ó wá láti ilé tí ìjà ti pọ̀ sì jẹ́ ẹ ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀yin òbí, àwa tí a ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jà ní òru, a kò fi nǹkan kan pamọ́.

ỌMỌ ÀTI Ẹ̀DÁ TÍ KÒ LÈ SỌ̀RỌ̀

Ọ̀rọ̀ Bingo kò jẹ́ kí a gbàgbé apá yìí. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé ajá a máa súnmọ́ ẹni tí ń sunkún ju ẹni tí ń kọrin lábẹ́ ohùn lọ, ìbáà jẹ́ olówó rẹ̀ tàbí àlejò. Ajá ń gbọ́ wa. Ọmọ náà sì ń gbọ́ ajá. Ní ọdún 2009, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọmọ oṣù mẹ́fà lè mọ gbígbó ajá tí inú ń bí yàtọ̀ sí ti ajá tí ń ṣeré, tí yóò sì wo àwòrán ojú ajá tí ó bá gbígbó náà mu. Nítorí náà, bí ajá, ìyá àti ọmọ bá wà nínú ilé kan, ìbẹ̀rù ẹnì kan lè kárí gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára. Ohùn ni ọmọ ń tètè gbọ́; ojú ajá lè tàn án jẹ. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Lincoln ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn ọmọ kéékèèké máa ń rí ajá tí ó yọ eyín nítorí ìbínú, wọn a sì rò pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ kọ́ ọmọ yín pé ajá kì í rẹ́rìn-ín bí ènìyàn. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun, tí ń sùn, tàbí tí ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Bí ajá bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Bí àìsàn digbòlugi bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni náà tó yè é.

Ẹ tún rántí ewúrẹ́ Kérésìmesì. A ra ewúrẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọdún, a so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ọmọ ń fún un ní èèpo iṣu, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, ewúrẹ́ ké, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ó bì, ó ní òun kò jẹ ẹran. Àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní ojo. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé jíjẹ ni a ó jẹ ẹran náà. Ẹ má fi agbára mú un wò ó, ẹ má sì fi agbára mú un jẹ ẹ́. Àánú tí ó ń ṣe ewúrẹ́ lónìí ni yóò fi ṣàánú yín ní ọjọ́ ogbó yín.

KÍ NI ÒBÍ LÈ ṢE?

1. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Ibà, aràn àti ọ̀pọ̀ àìsàn mìíràn wà tí ń mú inú run ọmọ. Bí ọmọ bá ń rù, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí ó bá ń bì léraléra, tàbí tí ìrora ń jí i lójú oorun, ẹ má fi falẹ̀. Ìgbà tí dókítà bá sọ pé kò rí nǹkan ni kí ẹ tó wo ilé yín yíká.

2. Ẹ má sáré fún ọmọ ní orúkọ burúkú. Ọmọ tí ó ti ṣíwọ́ títọ̀ sílé tí ó tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ tí ń gbọ̀n, tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, kì í ṣe àjẹ́, kò sì yẹ ní nínà. Ẹ bi ara yín pé: kí ni ó yí pa dà nínú ilé yìí? Ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ilé ni? Ṣé a bí ọmọ tuntun? Ṣé ẹnì kan kú? Ṣé àwa ni à ń jà? Ẹ tún fara balẹ̀ béèrè bóyá ẹnì kan ń fìyà jẹ ẹ́ ní iléèwé tàbí ní àdúgbò.

3. Ẹ sọ òtítọ́ fún un ní ìwọ̀n tí ó lè gbé. Kò yẹ kí ọmọ ọdún márùn-ún mọ iye gbèsè tí ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n ó lè gbọ́ pé: “Owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wa nísinsìnyí, ìyẹn ni ó ń mú wa ronú. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. A kò ní fi ọ́ sílẹ̀.” Ọmọ tí a kò sọ nǹkan fún yóò rò pé òun ni ó fà á.

4. Ẹ jẹ́ kí ó rí ìparí ìjà. Kò sí ilé tí ahọ́n àti eyín kì í ti í jà. Ìwádìí Ọ̀mọ̀wé E. Mark Cummings ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ara ọmọ máa ń balẹ̀ bí ó bá rí i pé àwọn àgbà tí ó jà ti parí rẹ̀. Àṣìṣe wa ni pé ojú ọmọ ni a ti ń jà, inú yàrá ni a ti ń bẹ ara wa. Bí ó bá gbọ́ ìjà, ẹ jẹ́ kí ó gbọ́ “má bínú” pẹ̀lú.

5. Ẹ ṣàlàyé ẹkún àdúrà fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ṣọ́ òru nínú ilé. Ọmọ tí ó tají ní aago méjì òru tí ó rí ìyá rẹ̀ tí ń sunkún, tí ń pariwo, kò mọ̀ pé àdúrà ni. Ohun tí ó rí ni pé ìyá òun wà nínú wàhálà. Ẹ sọ fún un ní ọ̀sán pé, “Bí o bá gbọ́ ohùn Mọ́mì lóru, mo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni, kò sí ewu.” Bí ó bá sì tají, ẹ dá àdúrà dúró díẹ̀, kí ẹ gbé e mọ́ra.

6. Ẹ fi ara yín tu ara rẹ̀ nínú. Bí ara wa ṣe lè kó ẹ̀rù ràn án, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè kó ìbàlẹ̀ ọkàn ràn án. Ẹ pọ̀n ọ́n, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀, ẹ mí jẹ́jẹ́, ẹ sọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú ohùn tútù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi ọkàn ara yín balẹ̀, nítorí àyà tí ń lù kì-kì-kì kò lè tu ọmọ nínú.

BÍ Ó TI RÍ NÍNÚ ILÉ WA

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, a pe àwọn ọmọ jọ. A sọ fún wọn pé owó kò wọlé, pé a ti ń bínú sí ara wa, àti pé kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀bi wọn. A bẹ ara wa níwájú wọn. Kò rọrùn fún wa. Ọmọ ọdún márùn-ún náà béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ṣé ẹ ò ní lọ?” A ní a kò ní lọ.

Owó oṣù náà kò dé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sì dé ní oṣù yẹn. Inú ọmọ náà kò dá ní ọjọ́ kan. Ó ṣì run ún ní ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n dípò kí a bá a wí, a ń jókòó tì í, a sì ń béèrè pé: “Èwo ni, ṣé inú tí ń runni ni, àbí inú tí ó bàjẹ́?” Díẹ̀díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí mọ ìyàtọ̀. Ní òwúrọ̀ kan, ó ní: “Kò run mí. Ó bàjẹ́ díẹ̀ ni.” Ní ọjọ́ náà, a dúpẹ́ bí ẹni pé wọ́n san owó oṣù márààrún.

Bingo sì jáde kúrò lábẹ́ bẹ́ńṣì.

Ẹ̀yin ará, bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni yóò fara gbá a. Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó pa iná, ẹ wo ojú àwọn ọmọ yín. Ẹ wo bí wọ́n ti ń mí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ń sọ fún yín láti ìgbà díẹ̀ pé ara kò rọ òun lọ́rùn, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ wo ikùn rẹ̀, kí ẹ sì wo ilé yín pẹ̀lú.